Ẹ Má Kó Aṣọ Ìyá Yín Dànù

Ọ̀rọ̀ omi mímu ni mo ti ṣètò láti bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Omi yóò dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Obìnrin kan tó ń gbé ní Mushin ló kọ lẹ́tà náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó ní ìyá òun ti di ẹni ọdún 78, àti pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú ni òun ti lọ mú wọn wá láti Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n má baà dá nìkan gbé. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, Màmá lè béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á gbé ìkòkò ka iná, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí èéfín yóò fi gba ilé kan. Lóru wọ́n á dìde, wọ́n á máa bá ẹni tí ojú kò rí sọ̀rọ̀. Nítorí èyí, àwọn ará ilé kan ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àjẹ́ ni Màmá, wọ́n ní ó ti ń jẹ́wọ́. Ẹnì kan ti tilẹ̀ mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti fi ààwẹ̀ ọjọ́ 3 dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ohun tó wá mú obìnrin yìí kọ̀wé gan-an ni àpótí. Àpótí aṣọ 3 ni Màmá kó wá láti ilé, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń tú u. Wọ́n á kó léèsì, gèlè, sányán àti àdìrẹ sórí ibùsùn, wọ́n á ká wọn, wọ́n á tún tú wọn. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ọmọbìnrin obìnrin yìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìkókó náà kò ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, yàrá Màmá yìí kan náà ni ìyá ìkókó ń sùn. Ó ní òun fẹ́ ta aṣọ wọ̀nyí fún àwọn tó ń ra àlòkù kí àyè lè wà, ó sì ní kí n dárúkọ oògùn tí òun lè rà tí kò ní jẹ́ kí Màmá máa tú ẹrù mọ́.

Arábìnrin mi, ẹ má ra oògùn kankan. Ẹ má sì ta aṣọ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka lẹ́tà mi yìí síwájú, ẹ dìde, kí ẹ gbé ìkókó yẹn kúrò nínú yàrá náà lónìí.

Káńfọ̀ ló fà á. Ọ̀pọ̀ lára káńfọ̀ funfun róbótó tí a ń rà lọ́jà ni wọ́n fi naphthalene ṣe, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti ṣe ọmọ tuntun ní ibi. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ó wọ́pọ̀ láàrin wa púpọ̀, ó sì pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ, ojú lásán kò sì lè mọ ọmọ tó ní in. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí wọ́n fi aṣọ tó ti wà pẹ̀lú káńfọ̀ wé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á di yẹ́lò bí ẹni fi epo òdòdó pa á. Bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, yíyẹ́lò náà á dé inú ọpọlọ. Ọmọ lè kú, tàbí kí ó yè kí ó má gbọ́ràn mọ́, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má dúró títí láé.

Nítorí náà, bí ojú ìkókó bá ti pọ́n, tí kò fẹ́ mu ọmú, tí ó ń sùn ju bó ti yẹ lọ, tí ó ń ké lóhùn tínrín, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe omi glucose, kì í ṣe omi ewé ìbẹ́pẹ, kì í sì í ṣe kí a tẹ́ ọmọ sínú oòrùn àárọ̀ kí a máa wò ó. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ̀ ni.

Ẹ kó gbogbo káńfọ̀ inú àpótí náà kúrò, kí ẹ sì dì í dáadáa kí ẹ tó dà á nù, nítorí ó jọ súìtì lójú ọmọdé, ó sì lè jọ súìtì lójú àgbà tó ń gbàgbé pẹ̀lú. Ẹ fọ àwọn aṣọ tó ṣeé fọ̀, kí ẹ sá wọn sí ìta fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn yóò fi lọ tán. Aṣọ tó gbẹ dáadáa, tó mọ́, tí a dì sínú aṣọ òwú funfun nínú àpótí tó ń pa dé, tí a sì ń sá lóòrèkóòrè, kò nílò káńfọ̀ rárá.

Ó dáa. Bí ìkókó bá ti kúrò nínú yàrá, ẹ jẹ́ kí á wá jókòó sọ ọ̀rọ̀ Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé ọ̀rọ̀ àjẹ́ jáde. Ìgbàgbé tó ń mú àgbà báyìí, àìsàn inú ọpọlọ ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, àwọn ló sọ ọ́ ní arán ṣíṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ní ọdún 2021, àwọn tó ń ṣe é ní gbogbo ayé jẹ́ mílíọ̀nù 57. Wọ́n sì ti wò ó láàrin wa níbí. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè lọ nílé wọn ní àdúgbò Ìdikàn ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń ṣe bákan náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, tó kú ní 1995, wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, nǹkan bí 14 ni ó ń bọ́ sínú àìsàn yìí lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ti Indianapolis ju 30 lọ. Bí ó bá ṣe pé àjẹ́ ló ń fà á, a jẹ́ pé àjẹ́ Indianapolis pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ nìyẹn.

Ẹ mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ rí. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni kò ní àtúnṣe. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè da orí àgbà rú ní ọjọ́ 2. Àìtó fítámì B12 lè ṣe é, oògùn oorun tí ẹnì kan rà fún wọn ní kẹ́mísì lè ṣe é, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid náà lè ṣe é bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n wo àtọ̀gbẹ. Kí wọ́n yẹ etí àti ojú wọn wò pẹ̀lú, nítorí àgbà tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran, tí kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ọpọlọ rẹ̀ á máa tètè rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹ kò sì tíì sọ fún mi nínú lẹ́tà yín pé ẹnikẹ́ni ń bá Màmá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí alẹ́, àfi tẹlifíṣọ̀n.

Èyí ló gbé mi dé ibi aṣọ. Arábìnrin mi, Màmá kò tú ẹrù. Ìwé ni wọ́n ń kà.

Ta ni nínú àwọn ìyá wa ló ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé? Aṣọ ẹbí ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Léèsì yìí, ìkómọ àkọ́bí ni. Àńkárá yìí, ìgbà tí wọ́n ṣí ilé ni. Ẹtù yìí, ìgbéyàwó ọmọ àbúrò. Bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ sì jókòó tì wọ́n, ẹ óò gbọ́ ọdún àti orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú léèsì náà ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni àwọn oníṣòwò wa ti ń bá àwọn aláṣọ Lustenau ní ilẹ̀ Austria da òwò pọ̀, ọnà tí àwọn ìyá wa fẹ́ ni àwọn yẹn sì ń fi ẹ̀rọ rán ránṣẹ́ sí wa. Èyí tó nípọn, tí kò ní aṣọ lábẹ́, orí aṣọ kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rán òwú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ́ aṣọ abẹ́ dànù tí ó fi ku òwú nìkan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìka fi ń dá a mọ̀, bí ojú tilẹ̀ ti ṣú.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àṣìṣe náà rí. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, mo kó odidi àpótí kan fún ìyá tó ń ra àkísà, mo sì rò pé ìmọ́tótó ni mo ń ṣe. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n béèrè léèsì tí wọ́n fi kó mi jáde. Mo ní kò sí mọ́. Wọ́n dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n tún béèrè, nítorí wọ́n ti gbàgbé pé wọ́n béèrè tẹ́lẹ̀, ó sì dùn wọ́n bí ẹni pé àkọ́kọ́ ni. Fún ọdún 2 gbáko ni wọ́n fi ń béèrè aṣọ yìí lọ́wọ́ mi. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju gèlè 3 àti àbọ̀ ìró kan lọ, òun ni a wá fi ṣe ìwé aláṣọ tí mo fẹ́ júwe fún yín.

Ìwé aláṣọ kò ju orúkọ rẹ̀ lọ: ìwé tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ aṣọ. A ó rán èékù aṣọ, léèsì, bọ́tìnnì àti òwú aláwọ̀ mèremère sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, a ó sì so wọ́n pọ̀. Ẹnì kan lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ wà nínú kí á pọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi kan ní Èbúté-Mẹ́ta ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Àwa 6 ni: Alhájà kan tó ń ta àdìrẹ, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó ilé 2, èmi, àti bàbá olùkọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń rán agbádá láyé àtijọ́, bí kì í bá ṣe ọkùnrin?

Bí àwọn baba wa ti ń ṣe àárò lóko ni a ṣe é. Olúkúlùkù ló mú ìwé tirẹ̀ wá pẹ̀lú èékù aṣọ ilé rẹ̀, ó sì ṣe ojú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, a gbé ìwé fún ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún wa, a sì sọ ìtàn ojú ewé tí a fẹ́ kí ó rán. Báyìí ni ó ń yí ká. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 fi pé, ìwé olúkúlùkù ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn 6 nínú. Ìtàn ìkómọ mi, tí n kò lè sọ láìsunkún, Alhájà ló rán an. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí òun lè mọ irú àwọ̀ tí léèsì náà ní.

Irú iṣẹ́ àpapọ̀ báyìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní oṣù kejì ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Japan gba ìlú Singapore. Wọ́n kó àwọn obìnrin òyìnbó àti ọmọ wọn sínú ẹ̀wọ̀n Changi, wọ́n sì ya àwọn ọkọ wọn sọ́tọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Ethel Mulvany, dá a lábàá pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan rán ègé aṣọ kan, kí ó sì fi nǹkan ti ara rẹ̀ sí i. Wọ́n rán ègé 66 pọ̀ di aṣọ ìbora kan, 3 irú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n ní fún àwọn tó gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn ni, àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n sì gbà kí ó kọjá. Ṣùgbọ́n ọkọ tó bá rí orúkọ aya rẹ̀ lára aṣọ náà, ó ti mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Méjì nínú wọn wà ní Australia di òní, nínú ilé tí wọ́n fi ń rántí ogun ní Canberra, ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ Red Cross ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé aláṣọ ń wo arán ṣíṣe sàn. Kò sí ohun tó ń wò ó sàn títí di òní. Ohun tí àwọn dókítà rí ni pé kí á máa fi ohun àtijọ́ ran àgbà létí, kí á sì máa bá wọn sọ ọ́, ní àǹfààní díẹ̀ fún inú dídùn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Àǹfààní náà kò tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó ti ìyá tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ yóò mọ ohun tí díẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Ẹ má gé aṣọ kankan lẹ́yìn Màmá. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ wọn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí sísọ́ọ̀sì. A kì í sì í gé aṣọ tó dára sí wẹ́wẹ́. Inú ìṣẹ́tí bùbá ni kí ẹ wò, àti etí gèlè, àti èékù tí télọ̀ dá padà tí ìyá wa kì í jù nù. Èékù tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Aṣọ tó kù yóò padà sínú àpótí, kí wọ́n lè máa tú u bí wọ́n ti ń tú u.

Ojú ewé tiwa jẹ́ ínǹṣì 8 lọ́nà gbogbo. Aṣọ òwú líle ni a fi ṣe é, ìlọ́po 2, kí ìdí òwú má baà hàn ní ẹ̀yìn, a sì fi tòwéèlì àtijọ́ sáàárín kí ó lè ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́. Aṣọ òkè ló dára jù fún èèpo ìwé nítorí pé ó nípọn. Ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá kó aṣọ 10 sí ojú ewé kan, orí àgbà á dàrú. Ẹ fi òwú kọ ọdún àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní lẹ́tà ńlá sísàlẹ̀, dúdú lórí funfun, nítorí ojú àgbà kì í rí àwọ̀ tó fara jọ ara wọn. Ẹ ránpọ̀ gbọn-in-gbọn-in. Bọ́tìnnì tí ẹ bá lè fà tu, Màmá lè fà á tu kí wọ́n sì gbé e mì, nítorí náà èyí tó bá kéré ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, ẹ má lò ó rárá. Òwú gígùn tó ń fì náà kò dára, ó lè wé mọ́ ìka. Àbúrò yín tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ dárúkọ nínú lẹ́tà yín, kí òun náà rán ojú ewé tirẹ̀ ránṣẹ́. Aṣọ kò wúwo nínú àpò ìwé.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló kù, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nọ́ọ̀sì àárín wa ti sọ ọ́ di òfin láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé abẹ́rẹ́ 12 ni òun ń pín, 12 ni òun sì ń gbà, bí wọ́n ti ń ka nǹkan ní yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó rán ikùn aláìsàn pa. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Sátidé kan, ó ka 11. A wá ilẹ̀, a wá abẹ́ àga, a gbọn aṣọ gbogbo. Àwọn kan ti fẹ́ máa lọ ilé, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde. Nígbà tó yá, ó ní kí olúkúlùkù gbé ẹsẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ náà wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ Alhájà, ó ti wọlé ju ìdajì lọ. Àtọ̀gbẹ ti ń bá Alhájà jà fún ọdún púpọ̀, ẹsẹ̀ wọn kò mọ ìrora mọ́, wọ́n sì ti ń rìn lé e kiri. Bí kò bá sí pé a kà á, ilé ni wọ́n ìbá gbé e lọ. Egbò irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń di kí a gé e. Ilé ìwòsàn ni a gbé wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ 5 ni egbò náà gbà kí ó tó jiná.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń bọ́ bàtà níbi tí a ti ń ránṣọ, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó sùn. Abẹ́rẹ́ tó bá gún ẹnì kan títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ àti ti éèdì ń gba ojú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ní ti Màmá, bí ọwọ́ wọn bá ṣì mọ abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, kí wọ́n máa yan àwọ̀ òwú, kí wọ́n máa ká èékù. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má fi ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ju ẹni 40 ọdún lọ, bí ẹ bá ti ń na ọwọ́ jìnnà kí ẹ tó rí ihò abẹ́rẹ́, ẹ lọ yẹ ojú wò kí wọ́n fún yín ní awò. Ẹ má ránṣọ nínú òkùnkùn nítorí pé iná lọ. Ẹ gbé ojú kúrò lára aṣọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì dìde na ẹ̀yìn kí ọrùn tó gan.

Nígbà tí ìwé bá parí, ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò. “Màmá, ta ni ẹni yìí? Màmá, ọdún wo ni?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń dójú ti àgbà. Ẹ kàn ṣí ìwé, kí ẹ fi ọwọ́ wọn lé léèsì, kí ẹ ní, “Aṣọ yìí mà dára o.” Bí wọ́n bá sọ ìtàn náà lódì, ẹ jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín, ẹ kọ ọ́ pé aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín tó kú ní 1989 wà nísàlẹ̀ àpótí kejì, pé ẹ ti ń fi pa mọ́ fún Màmá, ẹ sì bi mí bóyá ẹ lè jó o. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa rí. Bàbá olùkọ́ mú aṣọ ẹbí ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ wá, ó fẹ́ kí a rán an sínú ìwé rẹ̀. Ìyàwó ilé kan kọ̀ jálẹ̀, ó ní aṣọ òkú kò gbọdọ̀ bá aṣọ ìkómọ gbé. Alhájà ní ìsìnkú àgbà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀sẹ̀ 2 kọjá, ìwé bàbá kò yí. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ló rán an. Ó fi aṣọ ìsìnkú náà sísàlẹ̀, ó sì rán léèsì funfun bò ó ní etí kan ṣoṣo, bí aṣọ fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kí ó gbé léèsì sókè. Ẹni tí kò bá fẹ́, yóò rí àwọ̀ rẹ̀ nìkan láti inú ihò léèsì. Bàbá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan níwájú wa, ó pa á dé, ó sì ní kí wọ́n gbé tíì wá.

Ẹ má jó aṣọ náà, arábìnrin mi. Ẹ má sì tò ó mọ́ èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ rán. Ẹ dúró di ọjọ́ tí ara Màmá bá balẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ tí orí wọn máa ń dàrú jù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wọn lórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ yòókù, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà sínú àpótí. Bí wọ́n bá gbé e mọ́ra tí wọ́n béèrè pé níbo ni ọmọ náà wà, ẹ má sọ ikú rẹ̀ fún wọn bí ìròyìn tuntun, nítorí lójú wọn, òní ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín bí ọjọ́ ìgbéyàwó náà ti rí. Kí ẹ sì ní òwú nítòsí, bóyá wọ́n á fẹ́ kí ẹ rán an.